Àpáta Inú Yàrá

Yàrá tí à ń gbé ní Ìtòkò,
àpáta ló kọ́kọ́ débẹ̀.
Ẹni tó kọ́lé bá a níbi tó jókòó sí,
ó rọra mọ ògiri yí i ká
bí ẹni ń fi aṣọ bo àlejò tó sùn lọ.
Ó yọ gọngọ ní igun, ó ga dé orúnkún mi,
ó gba ibi tí ibùsùn kejì ìbá wà.
A ń gbé àtùpà lé e. Àwo. Bíbélì ìyá ọkọ mi.
Nígbà ooru àwọn ọmọ a máa jà
nítorí ẹni tí yóò fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í sùn.

Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ.
Nígbà tí mo bí ẹ̀kẹta, mo wolé,
mo rí òkúta, mo rí gbèsè oṣù méje,
mo sọ ọ́ ní Dúródọlá.
Ó ṣì ń dúró.

Ìgbà tí Bàbá Ṣóyọyè ní owó ọdún méjì lòun ń gbà báyìí,
tí kì í ṣe oṣù mẹ́fà mọ́,
ni ọkọ mi gbọ́ níbi tó ti ń ṣọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lóru
pé ìjọba fẹ́ bá mẹ̀kúnnù san owó ilé.
Mo fi ìgò tí mò ń fọ̀ sílẹ̀ ní Láfẹ́nwá,
ọṣẹ ò tíì gbẹ lọ́wọ́ mi,
mo gun ọ̀kadà, ó di Òkè-Mósàn.

Ìlà gùn. Fọ́ọ̀mù gùn jù ú lọ.
Ẹni mélòó ló ń sùn nínú yàrá? Mo kọ mẹ́fà.
Èló ló ń wọlé lóṣù?
Mo bi akọ̀wé bóyá wọ́n tún ń béèrè iye tó ń jáde.
Ó ní kò sáyè fún ìyẹn nínú ìwé.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wolé-wolé tó dé,
Ọ̀gbẹ́ni Ṣónúgà.
Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà (ìwà yẹn wù mí),
ó na téèpù láti ògiri kan síkejì,
ó kan àpáta, ó dúró.
"Màmá, èyí ńkọ́?"
Mo ní òun la bá nílé.
"Kò ṣeé gbé kúrò?"
Mo ní abẹ́ òkúta ni gbogbo ìlú yìí wà;
tiwa nìkan ló wọlé tọ̀ wá.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi bírò họ orí,
ó yọ ìwọ̀n àpáta kúrò nínú ìwọ̀n yàrá,
ó tún un ṣírò.
Ohun tó ṣẹ́ kù ò tó ohun tí òfin ń pè ní yàrá.
Ìjọba kì í sanwó ibi tí kò yẹ ọmọ ènìyàn.
Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń túfọ̀.

Mo ní, bí a bá wá rí èyí tó yẹ ńkọ́?
Ó ní ká kọ́kọ́ san ti ọdún kan níbẹ̀,
ká wá mú rìsíìtì rẹ̀ wá.

Bàbá Ṣóyọyè wà níta, ó ń na etí.
Ọdún kọkànlá rèé tó ń gba owó àpáta mọ́ owó ilẹ̀,
kò yọ ìwọ̀n kankan kúrò rí.
Nígbà tí téèpù ti ká wọlé tán, ó ní,
"Ẹ ò sọ fún un pé ó máa ń tutù?"
Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀fẹ̀ ni.
Ó ní kí n san ọdún kan ààbọ̀.

Lálẹ́ mo gbé fọ́ọ̀mù lé orí àpáta,
mo gbé àtùpà lé fọ́ọ̀mù.
Dúródọlá ò sùn. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wọn òkúta
bó ṣe rí wolé-wolé tó ṣe é,
títí ọwọ́ rẹ̀ fi kan ilẹ̀.
Ó ní, "Màmá, ìsàlẹ̀ ni púpọ̀ rẹ̀ wà.
Ta ló ń san owó ìyẹn?"